Àwọn Tó Wà Nínú Fóònù Rẹ Kì í Ṣe Onígbọ̀wọ́ Rẹ

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Márúwá lẹ́nu ọjà Ìpàta ní Ìlọrin ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní olè ni ẹnì kan báyìí, pé ó gbé owó àwọn sá lọ, pé èmi ló fi ṣe onígbọ̀wọ́, àti pé bí mi ò bá sọ fún un kó wá san owó ọ̀hún kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá á gbé àwa méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka orúkọ náà kí n tó rántí ẹni tí í ṣe. Ọkùnrin tó bá mi tún fíríìjì ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Mi ò mọ ilé rẹ̀, mi ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Nọ́ńbà mi wà nínú fóònù tirẹ̀, òun náà wà nínú tèmi, "Fíríìjì Tanke" ni mo fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí. Gbogbo okùn tó so wá pọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ Àlhájà tó ń darí èésú wa ni mò ń lọ lọ́jọ́ náà, mo bá mú fóònù hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n kà á sókè torí pé àwọn ò mú awò ojú wá. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo dúró fún un ni?"

"Rárá o, Àlhájà."

"Wọ́n bi ọ́ kí wọ́n tó fún un lówó?"

"Wọn ò bi mí."

"Ìwọ náà ńkọ́, o mọ̀ pé ó yáwó?"

"Ẹnu àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni mo ti ń gbọ́, mà."

"Kí ló wá pa ìwọ àti gbèsè pọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi àlàyé yìí dáhùn, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn kan gbà pé ohun tí àwọn baba wa ń ṣe náà ni áàpù owó yíyá ń ṣe: ẹni tó bá fẹ́ yáwó, kó mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Wọ́n ní wọ́n kàn gbé e wọ inú fóònù ni. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, bí ìbejì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi èésú bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa la wà nínú rẹ̀ tí a ò mọ̀ pé owó la ń yá ara wa. Àwọn mìíràn máa ń pe èésú ní àjọ, láti Ìlọrin títí lọ dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, kò sì burú. Àmọ́ àjọ tí alájọ ń kiri gbà lójoojúmọ́, tó ń fàmì sí káàdì, tó sì ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù fún wàhálà rẹ̀, nǹkan mìíràn nìyẹn. Níbẹ̀, ìwọ lo fọkàn tán alájọ. Kò sí ohun tí alájọ fi fọkàn tán ọ. Èésú ni gbogbo wa ti fọkàn tán ara wa.

Àwa ogún la wà nínú èésú Àlhájà. ₦10,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́sẹ̀, ẹnì kan á sì kó ₦200,000 lọ sílé. Ẹni tó kọ́kọ́ kó, ₦10,000 péré ló tíì jáde lápò rẹ̀. ₦190,000 tó kù, owó àwa yòókù ni. Gbèsè ló gbé relé yẹn, ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún ni yóò fi san án, láìsí èlé kọ́bọ̀. Ẹni tó kó kẹ́yìn ni olówó: ó ti yá gbogbo wa lówó kí tirẹ̀ tó kàn. Kò sí ìwé tí a tọwọ́ bọ̀, kò sí lọ́yà, kò sí ohun ìdógò. Kí ló dé tí ẹni àkọ́kọ́ kò fi sá lọ?

Mo bi Àlhájà. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Sá lọ síbo?"

Àlhájà mọ ìsọ̀ gbogbo wa. Wọ́n mọ agboolé tí oníkálukú ti jáde, wọ́n mọ Mágàjí tí wọ́n lè lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń wo bí ìyá kan ṣe ń ra ìrẹsì tó ń tà á; wọ́n mọ̀ bí ọjà rẹ̀ ṣe ń lọ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹni tó bá jẹ́ tuntun, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, kó lè kọ́kọ́ yá àwọn ẹlòmíràn lówó kí òun tó yá tiwọn. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dá wá. Ẹnì kan ni yóò mú un wá, ẹni yẹn ló dúró fún un.

Lọ́dún kan, obìnrin kan kó owó tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó dá ọ̀sẹ̀ méjì sí i, a ò rí i mọ́. Ẹni tó mú un wá ló ń bá a dá a. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń bá a dá a, ó fi ìbínú mú Àlhájà lọ sílé obìnrin náà, wọ́n bá ọmọ rẹ̀ lórí àìsàn, gbogbo ìrẹsì inú ìsọ̀ sì ti bá owó ọsibítù lọ. Àwọn méjèèjì tó lọ bá a jà ló pa dà wá bá wa sọ ọ́, wọ́n ní ká jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A kùn díẹ̀, èmi náà kùn, torí pé owó mi ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ó sì san gbogbo èyí tí ẹni tó mú un wá ti bá a san tẹ́lẹ̀.

Mo sọ ìtàn yẹn torí pé gbogbo ohun tí mímọra-ẹni ń ṣe nínú owó yíyá ló wà níbẹ̀. Ìṣòro tó wà nídìí gbogbo owó yíyá láyé ni pé ẹni tó ń yáwó mọ̀ bóyá òun lágbára láti san án, ẹni tó ń yáni lówó kò sì mọ̀. Báńkì ń gba ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó oṣù láti fi dí àlàfo yẹn. Ẹni tó ń ta ata kò ní ìkankan nínú méjèèjì, ojú tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lọ́jà ni ìwé tirẹ̀. Ohun kejì ni pé ẹni tó mú un wá ti fi owó ara rẹ̀ sí i, kò lè kàn máa fẹnu lásán yìn ín. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ pé òun la máa ń gbàgbé jù, ni pé nígbà tí nǹkan dàrú, ẹnì kan wà tó lè lọ sílé rẹ̀, tó lè fetí gbọ́, tó sì lè pa dà wá bẹ̀bẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje. Àkọsílẹ̀ gbèsè nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà. Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ kan wà ní Nàìjíríà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó yáwó tó san àti ẹni tí kò san, òfin sì wà fún un láti 2017. Láti 2014 tí BVN, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo báńkì fi ń dá oníbàárà mọ̀, ti dé, igi tí èèyàn bá bẹ́ dínà ní báńkì kan, báńkì kejì lè rí i. Ní 2020, báńkì àpapọ̀ tún gbé ìlànà kan jáde tó jẹ́ kí báńkì tó yáni lówó lè yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní sí báńkì mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí kò mọ̀ nípa ìlànà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lọ́jọ́ tí wọ́n yọ owó rẹ̀.

Wàyí o, ìtìjú. Kò yẹ ká máa ṣe bí ẹni pé áàpù ló mú ìtìjú wọnú ọ̀rọ̀ gbèsè. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá yarí, olówó lè bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò á wọ agboolé onígbèsè, á dógò tì í: á jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa ki adìẹ mọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ ti onígbèsè tàbí ti aládùúgbò, kò sì ní í kúrò títí owó á fi jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn náà ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ẹni tó bá ní ayé àtijọ́ rọ̀ ju tòní lọ kò tíì gbọ́ ìròyìn ológò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ológò jókòó sí. Agboolé ni. Àwọn tí ariwo rẹ̀ ń dà láàmú ni baálé, ìyàwó ilé, ọmọ ìyá onígbèsè, àwọn tí wọ́n jọ ń pín ogún. Wọ́n lè bínú sí onígbèsè, wọ́n sì tún lè ta ewúrẹ́ kan gbà á sílẹ̀. Baálé lè bá olówó sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá ọjọ́. Ìtìjú yẹn lójú, ó létí, ó sì ní ilé tó ń lọ.

Áàpù kò mọ Ìpàta, kò mọ agboolé kankan. Bí o bá gbé e sórí fóònù, yóò gba BVN rẹ àti NIN rẹ, yóò ní kí o gbójú síwájú kámẹ́rà kí o máa ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni yóò tọrọ àyè láti wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí ọ, kó lè mọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde, àwọn mìíràn á sì ní àwọn fẹ́ wo gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù. Ìwọ á tẹ "Allow", torí pé ọ̀ràn owó ti ká ọ mọ́. Kí o tó mu omi tán, àkáǹtì ti dún.

Mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn, kíá ni owó wọn ń wọlé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná lára ní aago méjì òru kò lè dúró de ọjọ́ èésú. Ọmọ iléèwé tó ti Màkúdí wá sí Yunifásítì Ìlọrin, tó ń gbé Tanke, ta ni yóò mú un wọ èésú Àlhájà? Agboolé tó ń gbèjà ọmọ rẹ̀ náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Áàpù kì í bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni, oore gidi sì nìyẹn jẹ́ fún ẹni tí kò lẹ́nìkan nílùú.

Oore náà lówó lórí. Ká ní o béèrè ₦20,000. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó iṣẹ́ àti èlé, ₦16,400 ló máa wọlé, o sì gbọ́dọ̀ san ₦20,000 lẹ́yìn ọjọ́ 14. ₦3,600 lórí ₦16,400, èlé tó tó nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bó bá ń lọ báyìí, láì tíì gun èlé lé èlé lórí, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án àti ọjọ́ kan ni gbèsè fi máa di ìlọ́po méjì. Sọ́gundógójì ni àwọn baba wa ń pe ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú burúkú ni wọ́n sì fi ń wò ó.

Wọ̀bìà nìkan kọ́ ló fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ̀bìà ń bẹ níbẹ̀. Áàpù mọ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí òun yá lówó, àwọn kan máa sá lọ, kò sì mọ àwọn tó máa sá. Nítorí náà ó bu owó àwọn tó máa sá lé àwọn tó máa san lórí. Apá kan nínú èlé tí o ń san yẹn, owó àìmọ̀ọ́ ni. Bí o bá jẹ́ olóòótọ́, ìwọ gan-an lò ń san gbèsè ẹni tí o kò rí rí.

Ibi tí nọ́ńbà inú fóònù ti wọlé rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé áàpù ń kó nọ́ńbà wọn kó lè fi mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan nínú wọn lè máa fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí a rí ní Nàìjíríà ni pé ọjọ́ tí gbèsè bá pẹ́ ni wọ́n máa ń rántí àwọn nọ́ńbà náà. Wọn ò bi ẹnì kankan léèrè kí wọ́n tó yáni lówó, wọ́n wá pariwo sétí gbogbo ayé lẹ́yìn tí wọ́n ti yáni tán. Ohun tí wọ́n mú nínú mímọra-ẹni ò ju ìtìjú lọ. Ìmọ̀ tó wà níbẹ̀, wọn ò lò ó. Ẹ̀bẹ̀ tó wà níbẹ̀, wọn ò gbà á, torí pé bí o bá pe nọ́ńbà tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kò sí Àlhájà níbẹ̀ tó lè ní kí o lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n mọ̀ pé Yorùbá gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pawó.

Ṣé ọ̀rẹ́ wá lè wúlò fún owó yíyá orí íntánẹ́ẹ̀tì ni? Ó lè wúlò, wọ́n sì ti wádìí rẹ̀. Ní 2005 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Zopa bẹ̀rẹ̀ irú owó yíyá kan tí kò ní báńkì láàárín: èèyàn kan fẹ́ yáwó, àwọn èèyàn mìíràn á dá owó náà jọ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníkálukú pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Prosper bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lórí Prosper nígbà náà, ẹni tó fẹ́ yáwó lè fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ hàn. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Mingfeng Lin, Nagpurnanand Prabhala àti Siva Viswanathan, yẹ àwọn owó tí wọ́n yá níbẹ̀ wò, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2013. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá lọ́rẹ̀ẹ́ máa ń tètè rówó, èlé rẹ̀ máa ń kéré, ó sì máa ń san gbèsè rẹ̀ ju ẹni tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ tó kàn wà nínú àkọsílẹ̀ bí èmi ṣe wà nínú fóònù oníṣẹ́ fíríìjì, kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí. Ọ̀rẹ́ tó ju owó tirẹ̀ sí gbèsè ẹnì kejì rẹ̀ ló ṣe gudugudu méje. Àlhájà kò ka ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n: ẹnu ò ná nǹkan kan, owó ló ń náni.

Prosper tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì láìmọ̀ọ́mọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ lórí rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ sì lè rí owó díẹ̀ gbà bí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá rówó yá. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń kó èèyàn jọ bí ẹni kó ẹja, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ tàbí ẹni tí wọn ò mọ̀. Wọ́n fòpin sí owó olórí ẹgbẹ́ yẹn ní 2007. Ẹ fi wé onígbọ̀wọ́ wa: ẹni tó mú obìnrin oníìrẹsì yẹn wá, bí nǹkan bá bàjẹ́, yóò pàdánù. Olórí ẹgbẹ́ tiwọn ń jèrè kí nǹkan tó bàjẹ́, kò sì sí ohun tó kàn án lẹ́yìn náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi líǹkì áàpù owó ránṣẹ́ sí ọ tó ní kí o lo kóòdù òun, béèrè ohun tó ń gbà lórí rẹ.

Kiva ti Amẹ́ríkà, tí àwọn èèyàn náà ti ń dá owó jọ yáni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gba ọ̀nà tó sún mọ́ tiwa jù. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó lọ́dọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà, láìsí èlé, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí mélòó kan tí yóò dá owó tiwọn sí i, ì báà jẹ́ dọ́là 25 péré. Ìgbà tí àwọn yẹn bá ti dá tiwọn tán ni wọ́n máa gbé e síwájú àwọn àjèjì. Àjèjì á wò ó pé: àwọn tó mọ̀ ọ́n ti fowó sí i, èmi náà á fi sí i.

Ẹ má rò pé gbogbo owó tó bá ti ní ẹgbẹ́ nínú ló dára o. Owó tí àwọn obìnrin ń pè ní gbómúléláńtà, tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ẹgbẹ́, àwòṣe rẹ̀ ti Bangladesh wá, níbi tí Muhammad Yunus ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976 lábúlé Jobra tó sì di báńkì Grameen ní 1983, pẹ̀lú àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ márùn-ún márùn-ún. Níbi tí àwọn obìnrin bá ti fúnra wọn yan ara wọn, ó máa ń gún régé. Níbi tí òṣìṣẹ́ tó ń wá oníbàárà bá ti lọ kó àwọn tó bá pàdé lójú títì jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ìtìjú áàpù náà ni wọ́n gbé wá, wọ́n kàn fi àga àti ìwé yí i ká ni.

Mímọra-ẹni náà tún máa ń ṣini lọ́nà. Ìyá kan nínú asálátù wa gbé áàpù kan sórí fóònù rẹ̀ torí pé ẹni tí wọ́n jọ máa ń jókòó lórí ẹní kan náà ló fi ránṣẹ́ sí i. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ni áàpù náà. Ó ní, "Mo mọ ẹni tó fún mi." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni MMM, ètò ayédèrú tó ní òun ń sọ owó di púpọ̀, ṣe wọlé sí wa lára títí di oṣù Kejìlá 2016 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn owó pa mọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tó fún ọ ní líǹkì lo mọ̀. Òun náà, ẹni tó fún un ló mọ̀. Bí a bá tẹ̀ lé e lọ títí, a ò ní í bá ẹnì kan tó mọ olówó. Ìfọkàntán kì í ràn bí àrùn, kò yẹ kó máa ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn báyẹn.

Ìlọrin tún ní ọ̀ràn tirẹ̀ nínú èyí. Ọ̀pọ̀ wa ni Mùsùlùmí, Àlùkùránì sì sọ ọ́ gbangba pé òwò lẹ́tọ̀ọ́, èlé ni èèwọ̀. Mo mọ àwọn tí kì í fẹsẹ̀ kan báńkì fún owó yíyá nítorí ribà, tí wọ́n wá ń gba owó áàpù lóru, torí pé kò sí ẹni tó rí wọn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí kò gba èlé pọ̀ níbí: o fẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, ẹgbẹ́ á rà á, wọ́n á tà á fún ọ pẹ̀lú èrè tí ẹ jọ fẹnu kò sí, o sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn náà kì í gbà ọ́ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́.

Ní ti òfin, àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo gbà yẹn kò bófin mu. Lọ́dún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù fún iléeṣẹ́ owó yíyá kan nítorí pé ó ń tú àṣírí àwọn èèyàn fún àwọn tó wà nínú fóònù wọn. Ní 2022, FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní kí gbogbo iléeṣẹ́ owó yíyá orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Ìkẹjà. Òfin ààbò àṣírí ara ẹni jáde ní oṣù Kẹfà 2023. Kí ìyẹn tó jáde, láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún náà, Google ní áàpù owó yíyá tó bá wà lórí Play Store kò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù mọ́. Ìlànà tuntun tí FCCPC gbé jáde ní 2025 fi ìtanràn tó lè tó ₦100 mílíọ̀nù lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń sá kúrò lórí Play Store, tí wọ́n ń fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Áàpù tó bá ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, tó sì ní kí o jẹ́ kí òun wo àwọn nọ́ńbà rẹ, dá a pa dà. FCCPC kọ orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sórí ìkànnì wọn, kò gba ìṣẹ́jú méjì láti wò ó.

Bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá ọ, má san nǹkan kan. Bí o kò bá gbà pé o máa dúró, o kì í ṣe onígbọ̀wọ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ di ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Má pa á rẹ́, ẹ̀rí ni. FCCPC ń gba ẹ̀sùn lórí rẹ̀. Pe ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kó lè mọ̀ pé wọ́n ti ń tú u síta.

Èmi pe oníṣẹ́ fíríìjì. Ìgbà kẹta ló tó gbé e, ohùn rẹ̀ sì ti kú. Ó ní ₦30,000 lòun yá láti fi ra gáàsì fún iṣẹ́ kan, ẹni tó ni iṣẹ́ kò san owó, òun bá yá ti áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un ló gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ náà gba tirẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò pe òun fún iṣẹ́ mọ́. Mo jókòó, mo rò ó: àwọn tó ń wá owó ti pa iṣẹ́ tí owó náà ì bá ti jáde.

Mo sọ fún Àlhájà. Wọn ò dáhùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń ka owó. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Sọ fún un kó mú ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn asálátù."

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló mú wá, bàbá arúgbó kan tó ń hun aṣọ òkè. Àlhájà bi bàbá náà ní agboolé wọn, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n bi wọ́n ní Mágàjí wọn, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá kọ̀, àwọn ni wọ́n máa wá bá. Bàbá wo ọmọ wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Gbèsè áàpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó bá a san án. Àmọ́ ìyá tó ń ta ẹran ní fíríìsà òun ò tutù dáadáa, kó wá wò ó. Àlhájà sì ṣí ìwé wọn, wọ́n wá ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀: ẹni kọkànlélógún.